TÍ A BÁ FI MỌ́TÒ WA GBÁ TI ẸLÒMÍÌ: ṢÉ KÁ SAN ÁN LÁPÒ WA NI, ÀBÍ KÁ PE ÌNṢỌ́RÁNSÌ?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù

  

Ní ìpàdé tó kọjá ẹ ní kí n wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ìnṣọ́ránsì, nítorí ẹjọ́ tó wá síwájú ìgbìmọ̀ owó-yíyá. Àwọn tí kò lè wá sí ìpàdé sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí àwọn ọmọ lè kà á fún wọn nílé. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, n kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ yìí kọ̀wé, tí mo sì ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ọ́fíìsì oríṣiríṣi. Ohun tí mo fi ojú mi rí àti ohun tí mo bi wọ́n léèrè ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹjọ́ yẹn. Ẹni tó ni ín jókòó síwájú mi níbí, ó sì ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ òun. Ó ní bọ́ọ̀sì kékeré kan tó fi ń kó ata àti tòmátì tirẹ̀ wá sọ́jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dírẹ́bà rẹ̀ ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, jíìpù tó wà níwájú tẹ bíréèkì, tiwa kò tètè dúró, ó fi imú gbá ìdí jíìpù. Ẹ̀bi dírẹ́bà wa ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó gbá ènìyàn láti ẹ̀yìn, ta ló fẹ́ gbèjà rẹ̀?

Onímọ́tò bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo, èrò pé jọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹrù ata kì í dúró de ẹjọ́. Oòrùn ti ń yọ, tòmátì ti ń rọ̀. Ìyá wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, àwa la jẹ̀bi, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ ni mo máa tún ṣe." Ó ka N150,000 nínú owó tó fẹ́ lọ san fún àwọn àgbẹ̀, ó kó o fún un. Kò gba ìwé kankan, kò ya fọ́tò, kò kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n túká. Ó rò pé ó parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà. Bọ́mpà, iná ẹ̀yìn méjèèjì, ilẹ̀kùn búùtù, iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà, ọ̀dà: gbogbo rẹ̀ jẹ́ N780,000. Wọ́n yọ N150,000 kúrò, ó ku N630,000. Ìgbà yẹn ló wá bá wa pé òun fẹ́ yá owó. Èmi ni mo bi í pé, "Ìyá, ṣé bọ́ọ̀sì yín ò ní ìnṣọ́ránsì ni?" Ó ní ó ní in, ó wà nínú àpò ìwé ọkọ̀, ó ní ti àwọn ọlọ́pàá ni. Ti àwọn ọlọ́pàá! Mo ní kó mú un wá. Third party ni, ojúlówó, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì pé. N20,000 ló san fún un. Ìwé yẹn ìbá gba gbogbo gbèsè náà lọ́rùn rẹ̀.

A jọ lọ sí ọ́fíìsì kọ́mpìnì náà. Wọ́n gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún wa lómi tútù, wọ́n sì kọ̀ wá. Wọ́n ṣí ìwé àdéhùn, wọ́n fi ìka tọ́ ọ sí wa. Ó wà níbẹ̀ pé tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí onímọ́tò sọ fún wọn kíákíá. Kó má gbà fún ẹnikẹ́ni pé òun jẹ̀bi, kó má ṣèlérí owó, kó má san owó, àyàfi tí àwọn bá mọ̀ sí i. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ká má ṣe, ìyá wa ti ṣe é tán kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún padà lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò gbà.

Owó ẹgbẹ́ ló fi san gbèsè yẹn. Ó ṣì ń san án padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn méjì mìíràn tó fẹ́ yá owó ra ọjà Iléyá kò rí yá lóṣù yẹn, nítorí àpótí ti gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ́tò ẹnìkan ti di ọ̀rọ̀ gbogbo wa.

Wàyí o, kí ni ìwé tó wà nínú àpò ọkọ̀ yẹn ń ṣe? Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ láàrin wa. Third party ni èyí tí òfin fi dandan lé gbogbo ọkọ̀ tó bá fẹ́ rìn lójú títì. Kì í ṣe mọ́tò yín ló ń tún ṣe o. Ti ẹni tí ẹ gbá ló ń tún ṣe, ó sì ń gbọ́ bùkátà ẹni tí mọ́tò yín bá ṣe léṣe. Èkejì ni comprehensive. Ìyẹn ń ṣe ti ẹni tí ẹ gbá, ó sì ń tún tiyín náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Láti oṣù kìíní ọdún 2023, NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn kọ́mpìnì ìnṣọ́ránsì, gbé owó third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni kúrò ní N5,000 lọ sí N15,000. Ọkọ̀ tí ènìyàn fi ń kó ẹrù ara rẹ̀ di N20,000, kẹ̀kẹ́ Márúwá di N5,000, ọ̀kadà di N3,000. Gbogbo wa la kùn nígbà yẹn, èmi náà kùn. Ṣùgbọ́n a ò wo apá kejì rẹ̀. Iye tí kọ́mpìnì lè san fún ohun ìní ẹlòmíì náà gòkè. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kúrò ní mílíọ̀nù 1, ó di mílíọ̀nù 3 náírà. Ti ọkọ̀ ẹrù ara ẹni di mílíọ̀nù 5, ti kẹ̀kẹ́ mílíọ̀nù 2, ti ọ̀kadà mílíọ̀nù 1. Ti ènìyàn tó bá fara pa tàbí tó bá kú, ìyẹn kò sí lábẹ́ òdiwọ̀n yìí. Ní ti comprehensive, NAICOM ní owó rẹ̀ lọ́dún kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye tí ọkọ̀ tó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó.

Ẹ fojú sí ibí yìí dáadáa. Third party, iye kan náà ni gbogbo onímọ́tò irú kan náà ń san. Ẹni tí kò gbá ènìyàn rí àti ẹni tó ń gbá wọn lójoojúmọ́, N15,000 ni. Kò sí ẹ̀dínwó tí kọ́mpìnì fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín pé ẹ gba owó lọ́wọ́ wọn. Nígbà náà, ẹni tó ní third party, tó wá ń fi owó ọjà tún jíìpù olówó ṣe, kí ló ń dá sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìdáhùn. Wàhálà ìwé àti àlọ-àbọ̀ nìkan ni, ìyẹn sì wà lóòótọ́, n ò ní parọ́ fún yín. Tí ó bá jẹ́ iná ẹ̀yìn kan tí kò ju N10,000 lọ ló fọ́, mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní owó ọkọ̀ tí òun fẹ́ fi máa lọ sí ọ́fíìsì náà tó bẹ́ẹ̀. Kó pè wọ́n lórí fóònù kó sọ fún wọn kó tó san án, kó sì gba ìwé tí onímọ́tò yẹn fọwọ́ sí pé òun ti gba owó òun tán, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ wọn ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ojú títì ló kù, ibẹ̀ ló ti ń wọ́ fún wa jù. Àwa Yorùbá, ẹ̀bẹ̀ la kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ó dára, n ò ní kí ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ṣé kò sí ẹni tó fara pa?" Ẹ ní, "Ọlọ́run ló kó wa yọ." Kò sí ìjẹ́wọ́ kankan nínú ìyẹn. Ohun tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu yín ni, "Èmi ni mo jẹ̀bi, gbogbo rẹ̀ ni mo máa san." N ò sọ pé kí ẹ purọ́ o! Tí ọlọ́pàá bá bi yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Kí ènìyàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí kó jókòó sórí àga adájọ́ kó dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, kó tún dá owó ìtanràn.

Gbólóhùn tí mo kọ́ ọmọ mi tó ń wa ọkọ̀ mi rèé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ yìí ní ìnṣọ́ránsì. Ẹ fún mi ní orúkọ àti nọ́ńbà yín, mo ń pè wọ́n nísinsìnyí." Kó ya fọ́tò mọ́tò méjèèjì níbi tí wọ́n dúró sí kí wọ́n tó gbé wọn kúrò, kó ya nọ́ńbà ara ọkọ̀, kó gba nọ́ńbà fóònù ẹni kan tó rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tí onímọ́tò náà bá ní òun ò mọ ìnṣọ́ránsì kankan, owó lọ́wọ́ ni òun fẹ́, ẹ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì pe kọ́mpìnì láti ibẹ̀. Tí ẹrù bá wà nílẹ̀, ẹ pè wá ní ìsọ̀, a óò rán ọkọ̀ wá gbé e. Kí ata má bàjẹ́ ló sún ìyá wa yẹn dé ibi tó dé, èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó rí ẹni bá a gbé tòmátì yẹn ni, kò ní kánjú bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní comprehensive, tiyín ló gba ìṣirò. Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣàlàyé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ń fi Corolla mi rìn sẹ́yìn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìdí rẹ̀ gbá òpó iná. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni, òpó kì í rìn. Mílíọ̀nù 4 náírà ni wọ́n kọ fún ọkọ̀ náà. N250,000 ló yẹ kí n máa san lọ́dún, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí n ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń yọ N50,000 fún mi, mo ń san N200,000. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní no-claim nìyẹn. Ohun kejì ni excess: iye kan wà nínú ìwé tí onímọ́tò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kí kọ́mpìnì tó gbé èyí tó kù. Tèmi jẹ́ N50,000. Tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó nínú ìwé yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pe ọ́fíìsì wọn. Mo ní jàǹbá ṣẹlẹ̀, mo sọ bó ṣe rí, mo ní n ò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ gba owó. Mo kọ lẹ́tà kékeré kan tẹ̀lé e, mo sì ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ wa ló ń pa nǹkan méjì yìí pọ̀. Kí ẹ sọ fún kọ́mpìnì kì í ṣe pé ẹ ti gba owó. Sísọ jẹ́ dandan. Gbígba owó, ìyẹn lẹ lè jókòó rò.

Pánẹ́ẹ̀lì bítà wò ó, ó pe N85,000. Mo mú bírò. N85,000, yọ excess N50,000, ó ku N35,000 tí kọ́mpìnì máa fún mi. Mo bi ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì wọn pé tí mo bá gba èyí, èló ni màá san lọ́dún tó ń bọ̀? Ó ní N250,000, ẹ̀dínwó mi á lọ, kò sì ní padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ló máa tún gòkè. Kí n gba N35,000, kí n pàdánù N50,000! Ọmọ mi ní, "Màmá, owó yín ni, ẹ ti ń san án látọjọ́ yìí, ẹ gbà á jàre." Ọmọdé ń ṣe é. Mo san N85,000 fún pánẹ́ẹ̀lì bítà, mo yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù ọmọ náà, ẹ̀dínwó mi wà níbẹ̀ títí dòní.

Ká ní N600,000 ló pè ni, n kì bá tí ronú lẹ́ẹ̀mejì. N550,000 á wọlé, N50,000 á lọ lọ́dún kan, díẹ̀ á tún lọ lọ́dún kejì. Ta ni kò ní gbà á?

Ibi tó le ni àárín. Ká ní N140,000 ni. N90,000 ni kọ́mpìnì máa san. N50,000 á lọ lọ́dún àkọ́kọ́, bóyá N30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè ní kí òun san án lápò òun kọ́rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n àwa kì í gba owó oṣù. Owó wa wà nínú ọjà, ó ń yí. Tí mo bá yọ N90,000 nínú owó gàrí ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún ku bí ọ̀la, kì í ṣe N90,000 nìkan ló lọ. Àpò gàrí tí ì bá rà lọ, èrè orí rẹ̀ lọ, oníbàárà tó dé tí kò bá mi ní gàrí, ó lè má padà wá mọ́. Ní irú àkókò yẹn, màá gba owó kọ́mpìnì. Nígbà tí ọjà bá dá, tí owó jókòó, màá san án fúnra mi. Nítorí náà ìṣirò tí àwọn ará ọ́fíìsì bá ṣe fún yín, ẹ tún un ṣe ní ìsọ̀ yín.

Ẹ má sì fi ojú lásán ṣírò. Bọ́mpà tó kàn yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè bo irin tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì bítà tú u wò kí ẹ tó pinnu, kí ẹ má sì tún un ṣe kí kọ́mpìnì tó wá wò ó tí ẹ bá lérò pé ẹ máa gba owó.

Tí ènìyàn bá fara pa, kò sí ìṣirò kankan mọ́. Bó jẹ́ aláàárù, bó jẹ́ ọmọ tó ń kiri, bó tilẹ̀ ní orúnkún lásán ló bó. Ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá, kọ́mpìnì, lọ́jọ́ yẹn kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bá mọ̀lẹ́bí ṣàdéhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé ẹ gba èyí kọ́rọ̀ tán. Orúnkún òní lè di iṣẹ́ abẹ lóṣù tó ń bọ̀, owó yẹn á sì ti kọjá agbára yín.

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì tó kù. Tí ẹ bá kọ ọkọ̀ yín sí ti ara ẹni, tí ẹ wá ń fi gbé èrò tó ń sanwó tàbí ẹrù ẹlòmíì fún owó, kọ́mpìnì lè kọ̀ yín lọ́jọ́ jàǹbá. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe gan-an fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á. Èkejì, òfin ìnṣọ́ránsì kò mọ àwìn. Ẹni tó ní òun máa sanwó tó bá di oṣù tó ń bọ̀, kò ní ìnṣọ́ránsì títí di oṣù tó ń bọ̀, ìwé yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ayédèrú sì pọ̀ nígboro. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ third party wò lójú títì, àwọn tó ń ta ayédèrú sì rí ọjà tà. Ẹ lè tẹ *565*11# lórí fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ yín sí i, ẹ ó rí i bóyá ó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn kọ́mpìnì.

Ìgbìmọ̀ owó-yíyá ti fẹnu kò pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó nítorí jàǹbá mọ́tò á kọ́kọ́ fi ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ hàn wá, àti ẹ̀dà lẹ́tà tó fi sọ fún kọ́mpìnì rẹ̀. Àwọn kan ti kùn sí mi létí pé a ti le jù. Mo gbọ́. Ẹ wá sọ ọ́ ní ìpàdé.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago méjì ọ̀sán, mo wà ní ìsọ̀ mi. Ẹ kó ìwé ọkọ̀ yín wá, ojúlówó ni o, kì í ṣe fótókópì. Ọmọ-ọmọ mi á bá yín tẹ nọ́ńbà yẹn lórí fóònù, èmi á sì bá yín wá ibi tí wọ́n kọ excess sí. Lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ gan-an ni, kí ẹni tó ní awò ojú má gbàgbé rẹ̀ sílé.